Ìpín Kì Í Ṣe Ojúlé: Àgbéyẹ̀wò Èdè Àwọn Ètò Tí Ń Gbé Linux Sórí Dísìkì

1. Ìwé tí a kò kà sí ìwé

Nínú gbogbo ètò tí ń gbé Linux sórí kọ̀ǹpútà, ojú-ewé kan wà tí ewu rẹ̀ ju ti gbogbo ìyókù lọ. Ojú-ewé náà a máa bi ẹni tí ó jókòó síwájú rẹ̀ léèrè bí yóò ti pín dísìkì rẹ̀, àti ibi tí ìpín kọ̀ọ̀kan yóò ti máa ṣí sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò pọ̀. Síbẹ̀, bí a bá kà á bí a ti ń ka ìwé òfin, a óò rí i pé ó ní ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀, ohun tí a dárúkọ àti ohun tí a fi pamọ́. Nítorí náà ó yẹ kí a gbé e yẹ̀ wò gẹ́gẹ́ bí ìwé.

Ohun tí ó mú kí ọ̀rọ̀ náà kan àwọn òṣìṣẹ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà kò fara sin. Ìtàn tí a gbà sílẹ̀ lẹ́nu àwọn àgbà ní Kétu, ní Ṣàkẹ́tẹ́ tàbí ní Ṣábẹ, orúkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ìwé ìbẹ̀rẹ̀ tí kò tíì dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé, irú wọn kò sí nínú páálí mọ́, orí dísìkì ni wọ́n wà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àfi fún ẹni tí ó bá gba àfikún. Láti ìgbà náà, ẹni tí ẹ̀rọ àlòkù rẹ̀ kò lè gbé Windows 11 ní ìdí tuntun láti yà sọ́dọ̀ Linux. Bí ó bá ṣi ojú-ewé yìí kà, iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan.

Àbá tí a fẹ́ gbé kalẹ̀ níhìn-ín kò gùn. Ohun méjì ni ojú-ewé náà ń dárúkọ: ìpín, tí í ṣe ilẹ̀, àti ojúlé, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà. Ètò tí ó bá da méjèèjì pọ̀ ti ṣi ònkàwé lọ́nà. Olùtúmọ̀ tí ó bá dà wọ́n pọ̀ ní Yorùbá-Nàgó yóò tún ìṣìnà náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

2. Ilẹ̀ Fidjrossè àti ilẹ̀ dísìkì

Fidjrossè wà ní ìwọ̀-oòrùn Cotonou, létí òkun, níbi tí ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní Route des Pêches ti gba etí omi lọ sí ìhà Ouidah. Ilé apẹja ni ó wà níbẹ̀ kí ìlú ńlá tó bá a. Nígbà tí ìlú dé, wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n pín in, wọ́n ri òpó ààlà mọ́lẹ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan sì gba nọ́ńbà tirẹ̀. Ẹni tí ó bá ti ra ilẹ̀ ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ti mọ ohun mẹ́rin tí ojú-ewé Linux ń bi í léèrè, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí.

Èkínní ni àwòrán ilẹ̀ tí ó wà ní ọ́fíìsì. Dísìkì náà ní tirẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gan-an. Irú èyí tí ó wọlé pẹ̀lú PC DOS 2.0 ní 1983 kò gbà ju ìpín gidi mẹ́rin lọ, agbára rẹ̀ sì pin sí dísìkì tí ó tó nǹkan bí 2 terabyte. Èyí tí ó rọ́pò rẹ̀, tí à ń pè ní GPT, a máa fi àyè sílẹ̀ fún ìpín 128. Èkejì ni ìpín fúnra rẹ̀: láti òpó yìí dé òpó yẹn. Ẹ̀kẹta ni ríro ilẹ̀, èyí tí Faransé ń pè ní «formater»: a ro ilẹ̀ kí a lè gbin nǹkan tuntun, ohun tí ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sì ní olúwa mọ́. Ẹ̀kẹrin ni ojúlé, ibi tí ènìyàn ń gbà wọlé tí a sì fi ń júwe ilé fún àlejò.

Àwọn ohun mẹ́rin yìí kò dọ́gba ní ewu. Bí àwòrán ilẹ̀ bá sọnù ní ọ́fíìsì, ilé ṣì wà ní ìdúró. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ lè tún ààlà wá, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ni TestDisk tí Christophe Grenier kọ ń ṣe lórí dísìkì. Bí a bá ro ilẹ̀ tí a kò sì tíì kọ́ ohun tuntun sórí rẹ̀, amòye ṣì lè ṣa díẹ̀ nínú ohun tí ó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ́ ilé mìíràn lé e, ọ̀rọ̀ ti parí. Ní ti ojúlé, a lè ṣí i sí ibòmíràn lọ́la láìfọwọ́ kan bíríkì kan. Nínú ètò tí ó dára, ó yẹ kí ohùn èdè náà yí padà bí ewu ti ń yí padà. Ìwọ̀n tí a óò fi wọn àwọn ètò náà nìyẹn.

Ẹni tí ó bá ti Windows bọ̀ ní ìṣòro mìíràn. Níbẹ̀, ìpín kọ̀ọ̀kan a máa jẹ́ lẹ́tà kan, C tàbí D, bí ilé tí olúkúlùkù dá dúró sí òpópónà tirẹ̀. Ní Linux, agbo ilé kan ṣoṣo ni ó wà. Ẹnu ọ̀nà àgbà rẹ̀ ni à ń kọ báyìí: /. Inú rẹ̀ ni gbogbo ojúlé yòókù wà: /home, níbi tí iṣẹ́ àwọn ènìyàn ń gbé, /boot/efi, níbi tí ẹ̀rọ ti ń kọ́kọ́ yà bí ó bá jí. Àlejò tí ó wọ agbo ilé kò lè fi ojú lásán mọ̀ bóyá ilẹ̀ kan náà ni gbogbo ojúlé dúró lé, tàbí ilẹ̀ mẹ́ta tí a rà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó ní ilẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀.

Saussure, nínú ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1916, ya ohùn tí a ń gbọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára èrò tí ohùn náà ń gbé wá, ó sì sọ pé kò sí ohun àdánidá tí ó so wọ́n pọ̀. Bákan náà ni ojúlé àti ìpín rí. Kò sí ohun tí ó wà nínú ìpín kan tí ó sọ pé /home ni yóò máa jẹ́. Àdéhùn ni, a sì kọ àdéhùn náà sínú fáìlì kékeré kan tí ó ń jẹ́ /etc/fstab.

3. Ọ̀rọ̀ tí kò gun ẹṣin

Láti ìgbà tí disk ti jẹ́ ohun ńlá ni ọ̀rọ̀ tí Faransé ń pè ní «monter» ti wà. Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà ní 1969. Ní ayé ìgbà náà, àwọn dísìkì kan jẹ́ àwo ńlá tí òṣìṣẹ́ ń fi ọwọ́ gbé sínú ẹ̀rọ nígbà tí a bá nílò rẹ̀, tí ó sì ń gbé kúrò nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Àṣẹ mount ti wà nínú ìwé ìtọ́sọ́nà Unix àkọ́kọ́ ní 1971. Nínú àpilẹ̀kọ tí àwọn méjèèjì tẹ̀ jáde ní oṣù keje ọdún 1974, wọ́n ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú igi: ewé kan lórí igi fáìlì ni a óò fi odidi igi mìíràn rọ́pò.

Faransé sọ ọ̀rọ̀ náà di «monter», ó sì sọ ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀ di «point de montage». Olùtúmọ̀ tí ó bá ń wo Faransé nìkan yóò kọ «gùn» tàbí «gòkè», yóò sì fún akẹ́kọ̀ọ́ ní «ibi ìgùn». Ẹṣin ni à ń gùn, òkè ni à ń gùn; dísìkì kò gun fódà kankan. Ìṣòro kan náà wà lára «partition», tí ó tún jẹ́ orúkọ ìwé tí akọrin Faransé ń wò kọrin. Ẹni tí ó kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà níbi orin kò ní mọ ohun tí ó wá ṣe lórí dísìkì.

Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 dá lórí ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni. Kò kan kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún kọ̀ǹpútà lè tẹ̀ lé ohun tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́ wa: kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí nǹkan ń ṣe, kí a tó wá orúkọ fún un. Iṣẹ́ tí à ń wí yìí ni pé a so ilẹ̀ kan mọ́ ẹnu ọ̀nà kan. Nítorí náà «so mọ́» tọ́ fún ìṣe náà, «tú kúrò» tọ́ fún òdì rẹ̀, «ojúlé» sì tọ́ fún ibi tí ó ti ń ṣẹlẹ̀. Ìdánwò ọ̀rọ̀ ni gbólóhùn tí a lè sọ ní kíláàsì láìṣàlàyé: «Tú fíláàṣì kúrò lójúlé kí o tó fà á yọ.» Kò sí àgbàlagbà tí yóò bèèrè ohun tí ó túmọ̀ sí.

4. Ètò mẹ́ta, ohùn mẹ́ta

Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní 1993, ní ètò ìgbékalẹ̀ tí ó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú Debian 3.1 ní oṣù kẹfà ọdún 2005. Ohùn rẹ̀ dà bí ti akọ̀wé ilé ẹjọ́. Ó ń bèèrè ìbéèrè kan lẹ́ẹ̀kan: ta ni yóò pín ilẹ̀, dísìkì wo ni, ọ̀nà wo ni a óò gbà pín in. Kò sí àwòrán, kò sí ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n ní ìparí, kí ó tó kọ ohunkóhun sórí dísìkì, ó ń ka orúkọ gbogbo dísìkì tí àwòrán ilẹ̀ rẹ̀ yóò yí padà, ó ń ka gbogbo ìpín tí a óò ro, ó sì ń bèèrè bóyá kí a ṣe é. Ìdáhùn tí ó ti fi sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ni bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó bá ń tẹ bọ́tìnì láìkàwé kò ní pàdánù nǹkan níbẹ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí nínú ìwé: ó ya àyípadà àwòrán sọ́tọ̀ kúrò lára ríro ilẹ̀, ó sì fi ẹrù ìpinnu lé ẹni tí ó kàwé lọ́wọ́.

Anaconda ti Fedora gba ọ̀nà mìíràn. Nínú àtúnṣe tí ó jáde pẹ̀lú Fedora 18 ní oṣù kìíní ọdún 2013, ojú-ewé ìpín-àfọwọ́ṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ojúlé. Òǹlò a sọ pé òun fẹ́ /home tí ó tóbi tó báyìí. Ètò náà a lọ wá ilẹ̀ fún un. Èrò náà ní ọgbọ́n nínú, nítorí pé ènìyàn mọ ohun tí ó fẹ́ fi ilé ṣe ju bí ó ti mọ nọ́ńbà ilẹ̀ lọ. Àléébù rẹ̀ ni pé ojúlé bo ilẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó ní dísìkì kan pẹ̀lú iṣẹ́ àtijọ́ lórí rẹ̀ nílò láti mọ ilẹ̀ ta ni wọ́n ń kọ́ lé, ìbéèrè náà gan-an sì ni ètò yìí gbé sẹ́yìn. Àwọn ènìyàn ráhùn púpọ̀ nígbà náà. Ní 2025, Fedora Workstation 42 jáde pẹ̀lú ojú-ewé mìíràn.

Calamares, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ ní 2014, ni Manjaro ń lò. Lubuntu gbà á láti 18.10, Debian sì fi í sínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ láti orí fíláàṣì láti Debian 10 ní 2019. Ọ̀pá aláwọ̀ méjì ni ẹ̀bùn rẹ̀: èyí òkè ń fi dísìkì hàn bí ó ti wà, èyí ìsàlẹ̀ ń fi í hàn bí yóò ti rí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé kíkà lè rí i pé àwọ̀ kan tí ó wà lókè kò sí nísàlẹ̀ mọ́. Nínú gbogbo ojú-ewé tí a gbé yẹ̀ wò, èyí ni ó bọ̀wọ̀ fún ojú ju. Bí a bá yan kí a nu gbogbo dísìkì, ó tún ń kìlọ̀ pé ohun gbogbo tí ó wà lórí rẹ̀ yóò parẹ́.

Síbẹ̀, Calamares dákẹ́ níbi tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó bá fún ni láàyè láti gbé Linux sí ẹ̀gbẹ́ ètò tí ó ti wà níbẹ̀, òpó ààlà aládùúgbò ni ó ń sún. Ó ń fi èyí hàn bí ohun tí a lè fà síwá sẹ́yìn pẹ̀lú ọwọ́. Bí iná bá lọ nígbà tí a ń sún ààlà, ilé aládùúgbò lè bàjẹ́. Ní ìlú tí iná ti ń lọ láìdágbére, gbólóhùn kan nípa èyí ì bá wúlò ju àwọ̀ mẹ́fà lọ.

Orúkọ dísìkì tún jẹ́ àléébù tí ó pa wọ́n pọ̀. Wọ́n ń pe dísìkì ní sda, sdb. Bí Táyé àti Kẹ́yìndé ni: orúkọ náà sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, kò sọ ìwà. Bí fíláàṣì tí ó gbé Linux wá bá kọ́kọ́ dé lónìí, òun ni yóò jẹ́ sda. Nínú /etc/fstab, nọ́ńbà gígùn tí kì í yí padà, tí à ń pè ní UUID, ni a sábà máa ń kọ. Ṣùgbọ́n lójú ewé tí ènìyàn ti ń ṣe ìpinnu, orúkọ tí ń yí padà ni a fi hàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀n dá dísìkì rẹ̀ mọ̀ kò rí ìrànwọ́ níbẹ̀ pẹ̀lú. Dísìkì tí a tà ní 500 GB a máa di 465 GiB lójú ètò mìíràn, nítorí pé ẹni tí ń tà á ń fi 1000 kà, ètò náà sì ń fi 1024 kà.

5. Ìmọ̀ràn tí a fún ọ̀gbẹ̀rì

Nínú ètò Debian, lẹ́yìn tí òǹlò bá ti yan dísìkì, ọ̀nà ìpín díẹ̀ ni yóò rí. Èyí tí ó fi ohun gbogbo sínú ìpín kan ni a kọ sí pé ó yẹ fún ọ̀gbẹ̀rì. Èyí tí ó ya /home sọ́tọ̀ tẹ̀ lé e, láìní ìyìn kankan. Ibí yìí ni ó ti yẹ kí ònkàwé dúró.

Ìpín kan ṣoṣo rọrùn lónìí. Kò sí pé yàrá kan kún nígbà tí èkejì ṣófo, ìyẹn sì jẹ́ ìṣòro gidi fún ẹni tí ó ṣi ìwọ̀n ṣe. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò tún gbé Linux sórí ẹ̀rọ náà, bóyá nítorí pé ó bàjẹ́, bóyá nítorí pé ẹ̀dà tuntun dé. Ní ọjọ́ náà, ẹni tí /home rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ọ̀tọ̀ lè sọ fún ètò pé kí ó ro ilẹ̀ tí / wà lórí rẹ̀, kí ó sì so ilẹ̀ /home mọ́ ojúlé rẹ̀ láìro ó. Ẹni tí ohun gbogbo rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ kan kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ubiquity, tí Ubuntu bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní 2006, wá ojútùú kan: ó lè tún Ubuntu gbé kalẹ̀ láìro ilẹ̀, kí ó sì dá /home sí. Èyí dára, ṣùgbọ́n àánú ètò kan ni. Kì í ṣe ohun tí gbogbo ètò ṣèlérí.

Nítorí náà, ìmọ̀ràn náà fún ọ̀gbẹ̀rì ní ìrọ̀rùn òní, ó sì gba ààbò ọ̀la lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ fún un. Ọ̀gbẹ̀rì gan-an ni kò ní mọ bí yóò ti gba iṣẹ́ rẹ̀ là. Bí ó bá jẹ́ pé ìtumọ̀ Yorùbá-Nàgó ni à ń ṣe, kò tó kí a túmọ̀ «ó yẹ fún ọ̀gbẹ̀rì» ní ṣísẹ̀-n-tẹ̀lé. Ó yẹ kí gbólóhùn kan tẹ̀ lé e: iṣẹ́ rẹ àti ètò yóò jọ wà lórí ilẹ̀ kan, bí a bá ro ilẹ̀ náà, méjèèjì ni yóò lọ.

6. Ojúlé tí kò ní ilé lẹ́yìn

Ewu tí ó kù kò fara hàn ní ọjọ́ ìgbékalẹ̀. Fódà lásán ni ojúlé. Ó ti wà kí a tó so ìpín mọ́ ọn, ó sì ṣì wà bí ìpín bá lọ. Bí òṣìṣẹ́ kan bá ní dísìkì òde tí ó ń kó ẹ̀dà ohùn àwọn àgbà sí, tí ó sì gbàgbé láti so ó mọ́ ojúlé lọ́jọ́ kan, kọ̀ǹpútà lè máà sọ nǹkan kan. Ẹ̀dà náà yóò gba ojúlé wọlé, yóò sì balẹ̀ sórí dísìkì inú ẹ̀rọ, níbi tí ojúlùmọ̀ rẹ̀ ti wà tẹ́lẹ̀. Òṣìṣẹ́ náà yóò rò pé ibi méjì ni iṣẹ́ rẹ̀ wà, nígbà tí ó jẹ́ pé ilẹ̀ kan ni ó gbé méjèèjì.

Òdìkejì rẹ̀ ń kó ìpayà bá ènìyàn láìnídìí. Bí fáìlì bá ti wà nínú fódà, tí a sì wá so ìpín mọ́ fódà náà, fáìlì àtijọ́ kò ní hàn mọ́. Kò parẹ́, ilé tuntun ni ó dí i lójú. Bí a bá tú ìpín náà kúrò lójúlé, yóò tún yọ. Ẹni tí ó rò pé ìpín àti ojúlé jẹ́ ohun kan náà yóò sunkún ní ọjọ́ kejì yìí, yóò sì fọkàn balẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí ó bẹ̀rù.

7. Ohun tí ó kù fún olùtúmọ̀ àti olùkọ́

Àwọn tí ó kọ àwọn ètò wọ̀nyí mọ iṣẹ́ wọn. Debian fi hàn pé a lè ka gbogbo ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí ònkàwé létí kí ó tó ṣẹlẹ̀; Calamares fi hàn pé a lè fi han ojú; Anaconda fi hàn pé a lè bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ ohun tí ènìyàn ń fẹ́. Kò sí èyí tí ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Ìtumọ̀ rere lè ṣe díẹ̀ nínú ohun tí wọn kò ṣe, bí olùtúmọ̀ bá dáhùn ìbéèrè mẹ́ta lójú ewé kọ̀ọ̀kan: ilẹ̀ wo ni? Kí ni ó wà lórí rẹ̀ báyìí? Kí ni yóò kù níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá tẹ bọ́tìnì?

Ní ti olùkọ́, ó lè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà láìtan kọ̀ǹpútà. Kí ó ya agbo ilé kan sí ara pátákó, kí ó fi ẹfun kan ya ilẹ̀, kí ó fi òmíràn ya ojúlé. Kí ó nu ojúlé kan nù, kí ó sì bèèrè ohun tí ó sọnù. Kí ó tún un yà, kí ó wá nu ilẹ̀ kan nù, kí ó sì bèèrè ìbéèrè kan náà. Kíláàsì tí ó bá fún un ní ìdáhùn méjì tí ó yàtọ̀ síra ti ṣe tán láti lọ sójú ẹ̀rọ.

Kí wọ́n tó lọ, kí ó rán wọn létí pé ilẹ̀ méjì lórí dísìkì kan ṣoṣo kò tíì di ẹ̀dà. Bí òkun bá gba etí ilẹ̀, kì í bèèrè nọ́ńbà ìpín. Dísìkì tí ó kú ń bá /home lọ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń bá / lọ. Ẹ̀dà ohùn àwọn àgbà gbọ́dọ̀ wà nínú ilé mìíràn, kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ojú-ewé náà.